Ẹni Tí Ń Hun Kì Í Ṣe Ahun

Bí Yorùbá bá fẹ́ ṣàpèjúwe ẹni tí kò lè yọ kọ́bọ̀ nínú àpò rẹ̀ fún ẹlòmíràn, ahun ni wọ́n ń pè é. Ìjàpá ni a yá orúkọ yìí lọ́wọ́ rẹ̀, ẹranko tí í kó orí, tí í kó ọwọ́, tí í kó ẹsẹ̀ wọ inú ìkarahun rẹ̀ bí àlejò bá ti yọjú. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin òǹkàwé wa, ẹ bá mi fetí sí ọ̀rọ̀ mìíràn tí ìró rẹ̀ sún mọ́ èyí: hun. A ń hun ẹní, a ń hun apẹ̀rẹ̀, a ń hun àwọ̀n, a ń hun aṣọ. Nínú èdè wa, bí a bá ti fi "a" síwájú ọ̀rọ̀-ìṣe, ẹni tí ń ṣe iṣẹ́ náà ni a sábà máa ń dárúkọ: ẹni tí ń pẹja ni apẹja, ẹni tí ń kọ̀wé ni akọ̀wé. Bí a bá tẹ̀lé òfin yìí dé òpin, ẹni tí ń hun nǹkan ni ìbá máa jẹ́ ahun! Èdè kò gbà bẹ́ẹ̀. Ahunṣọ ni a ń pè é. N kò wí pé orísun kan náà ni ọ̀rọ̀ méjèèjì ti wá, nítorí pé fífi ìró lásán pìtàn ọ̀rọ̀ jẹ́ àṣà kan tí mo máa ń bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi jà lé lórí. Ohun tí mo ń wí ni pé bí a bá ń wá àwọn oníṣẹ́-ọwọ́ tí ìwà wọn jìnnà sí ìwà ahun jù lọ, ọ̀dọ̀ àwọn tí ń hun ni kí a kọ́kọ́ yà.

Kì í ṣe àwọn ahunṣọ òfì ni ọ̀rọ̀ mi lónìí dá lé. Àwọn wọ̀nyẹn ní iyì tiwọn, Ìsẹ́yìn àti Ọ̀yọ́ kò sì jẹ́ kí a gbàgbé sányán, àlàárì àti ẹtù. Ṣùgbọ́n òwò ni tiwọn, ẹni tí ó bá sì fẹ́ aṣọ òfì mọ̀ pé òun yóò tọwọ́ bọ àpò. Àwọn tí mo ní lọ́kàn ni àwọn ìyá (àwọn bàbá díẹ̀ sì wà láàárín wọn, gẹ́gẹ́ bí a óò ti rí i níwájú) tí wọ́n ń fi abẹ́rẹ́ gígùn méjì àti òwú irun àgùntàn hun fìlà, ìbọ̀sẹ̀ àti aṣọ òtútù, iṣẹ́ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ sí nítìn. Iṣẹ́ yìí kì í ṣe ti ìbílẹ̀ wa. Pẹ̀lú ìyókù iṣẹ́ abẹ́rẹ́ àwọn òyìnbó ni ó bá wa délé. Anna Hinderer, tí òun àti ọkọ rẹ̀ dé Ìbàdàn ní ọdún 1853 láti wàásù, kọ́ àwọn ọmọdébìnrin ní aṣọ rírán ní Kúdẹtì. Nígbà tí ilé-ìwé àwọn ọmọbìnrin sì wá pọ̀ sí i, iṣẹ́ abẹ́rẹ́ di ọ̀kan nínú ẹ̀kọ́ tí wọn kò lè yẹ̀ sílẹ̀. Àwọn ìyá wa tí ó lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ kò jẹ́ gbàgbé olùkọ́ tí í fi rúlà na ẹni tí ojú òwú kan bá já bọ́ lórí abẹ́rẹ́ rẹ̀.

Ìyàtọ̀ ńlá wà láàárín ìhun òfì àti ìhun abẹ́rẹ́, ìyàtọ̀ náà sì ṣe pàtàkì sí ohun tí mo fẹ́ sọ. Lórí òfì, òwú òòró àti òwú ìbú ni ó ń dábùú ara wọn. Ọ̀kọ̀ ń lọ, ọ̀kọ̀ ń bọ̀, aṣọ náà yóò sì ki, yóò le dáadáa. Bí a kò bá wọn ẹni tí yóò wọ̀ ọ́, yálà kí ó fún un tàbí kí ó tóbi jù fún un. Ṣùgbọ́n ìhun abẹ́rẹ́ jẹ́ òwú kan ṣoṣo tí a fi ń ṣe ojú bí ojú àwọ̀n, tí a ń ti inú ojú kan yọ ojú mìíràn, ìlà dé ìlà, títí gbogbo rẹ̀ yóò fi so kọ́ra. Bí a bá fà á, ojú kọ̀ọ̀kan yóò là. Bí a bá fi í sílẹ̀, yóò padà sí ipò rẹ̀. Ìdí nìyí tí fìlà tí a hun sílẹ̀ fi lè bá orí ọmọ tí a kò tíì rí mu. Ẹni tí ń hun lè dá aṣọ fún ẹni tí kò mọ̀ rí. Àléébù kan wà ṣá o: nítorí pé òwú kan náà ni láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, bí ẹnìkan bá rí ìdí rẹ̀ fà, gbogbo iṣẹ́ náà yóò tú padà di òwú. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn.

Láàárín wa, ọmọ tuntun ni ó kọ́kọ́ ń jẹ oore àwọn ènìyàn wọ̀nyí. Àwọn kan lè bèèrè pé kí ni a ń fi òwú irun àgùntàn ṣe ní ilẹ̀ tí oòrùn ti ń mú tó báyìí. Ẹni tí ó bá bèèrè bẹ́ẹ̀ kò tíì fi omi tútù wẹ̀ ní ìdájí ọjọ́ oyé. Ọmọ tuntun kò lè mú ara rẹ̀ gbóná bí àgbàlagbà ti ń ṣe é, orí rẹ̀ sì tóbi ju bí ìyókù ara rẹ̀ ti rí lọ. Ìdí nìyí tí àwọn agbẹ̀bí fi ń tètè bèèrè fìlà.

Ẹ sì wo ọgbọ́n tí ó wà nínú bí wọ́n ti ń ṣe é. Yorùbá kì í ka ọmọ tí ó ṣì wà nínú oyún. A kì í pariwo ohun tí a kò tíì gbọ́ igbe rẹ̀. Ẹni tí ń hun mọ èyí dájú. Bí ó bá ti rí i pé ìyàwó ilé kejì ń tutọ́ káàkiri, tí kò sì fẹ́ gbọ́ òórùn ọbẹ̀ mọ́, abẹ́rẹ́ rẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ṣùgbọ́n bí o bá bi í pé ta ni ó ń hun ún fún, yóò ní òun kàn ń fi ọwọ́ ṣeré ni. Òwú funfun ni yóò lò, nítorí kò sí ẹni tí ó mọ̀ bóyá akọ ni tàbí abo. Ní ọjọ́ kẹjọ, nígbà tí wọ́n bá ti sọ ọmọ lórúkọ tán, tí àwọn èrò bá ti ń jẹun, ni yóò yọ fìlà àti ìbọ̀sẹ̀ kékeré méjì láti inú àpò rẹ̀, tí yóò rọra fi wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá ọmọ bí ẹni tí kò ṣe nǹkan kan. Owó tí àwọn mìíràn fi sínú àwo lè pọ̀ ju iye tí a ra òwú náà lọ. Ṣùgbọ́n ìrọ̀lẹ́ mẹ́ta mẹ́rin tí ó fi jókòó hun ún, ọjà wo ni a ti ń tà á?

Oore ọwọ́ yìí kò mọ sọ́dọ̀ ọmọ ènìyàn, kò sì mọ sí ilẹ̀ wa. Ní orílẹ̀-èdè Ọsirélíà, ní ìpínlẹ̀ Victoria, erékùṣù kan wà tí a ń pè ní Phillip Island. Ibẹ̀ ni irú ẹyẹ pẹ́ńgúìnì tí ó kéré jù lọ ní àgbáyé ń gbé. Gíga rẹ̀ kò ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 33 lọ, ìwọ̀n rẹ̀ sì tó nǹkan bíi kílò kan. Ẹyẹ tí kò lè fò ni, inú òkun ni ó ti ń wá oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀. Bí epo rọ̀bì bá dà sójú omi, yóò lẹ̀ mọ́ ìyẹ́ ẹyẹ náà, ìyẹ́ yóò so pọ̀, omi tútù yóò sì ráyè dé awọ ara rẹ̀. Òtútù nìkan sì kọ́ ni ewu tí ó wà níbẹ̀: ẹyẹ náà yóò fẹ́ fi ẹnu tún ìyẹ́ ara rẹ̀ ṣe, epo tí ó jẹ́ májèlé ni yóò sì máa gbé mì. Kí àwọn olùtọ́jú tó lè wẹ̀ ẹ́, ó ní láti sinmi kí ara rẹ̀ mókun díẹ̀. Kí ni a ó wá fi bò ó títí di ìgbà náà? Aṣọ òtútù ni! Aṣọ òtútù kékeré tí a hun, tí ó ní ihò fún ọrùn àti fún apá méjèèjì, tí kò ní jẹ́ kí òtútù pa á, tí kò sì ní jẹ́ kí ẹnu rẹ̀ kan ibi tí epo wà.

Ní ọdún 2001, epo dà sí òkun ní àyíká erékùṣù náà, ó sì kan pẹ́ńgúìnì 438. Ìdá 96 nínú ọgọ́rùn-ún wọn ni a gbà là, àwọn tí ó tọ́jú wọn sì ka àwọn aṣọ híhun wọ̀nyí mọ́ ohun tí ó jẹ́ kí ó ṣeé ṣe. Ta ni ó hun wọ́n? Àwọn ènìyàn tí òmíràn nínú wọn kò fojú kan pẹ́ńgúìnì láàyè rí. Ọ̀kan tí òkìkí rẹ̀ kàn jù láàárín wọn ni bàbá arúgbó kan, Alfie Date, tí a bí ní ọdún 1905. Ó ti lé ní 80 ọdún tí bàbá yìí ti ń hun. Nígbà tí ó pé ẹni 109 ọdún ni ìròyìn rẹ̀ tàn ká ayé pé ó jókòó sílé àwọn àgbàlagbà, ó ń dá aṣọ fún ẹyẹ. Ó kú ní ọdún 2016, lẹ́ni 110 ọdún. Ẹ̀yin ọkùnrin tí ẹ ń sọ pé iṣẹ́ obìnrin ni, ẹ jọ̀wọ́ ẹ rántí pé àwọn bàbá wa ni ó ń jókòó sídìí òfì olóju tẹ́ẹ́rẹ́, kò sì sí ẹni tí ó pè wọ́n ní obìnrin.

Ẹ gbọ́ ìyókù. Ẹ̀bùn wá pọ̀ ju ẹyẹ lọ. Aṣọ tí wọ́n rí gbà pọ̀ débi pé wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi wọ pẹ́ńgúìnì ìṣeré, tí wọ́n ń tà láti fi rówó tọ́jú àwọn tí ó wà láàyè. Ohun tí ó jọ ọ́ tún ṣẹlẹ̀ nígbà iná igbó ńlá tí ó jó Ọsirélíà láti ọdún 2019 wọ 2020. Ẹranko tí a ń pè ní kàngárù máa ń gbé ọmọ rẹ̀ sínú àpò tí Ẹlẹ́dàá dá mọ́ ọn níkùn. Bí ó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bí ọmọ náà, kò ju hóró ẹ̀wà lọ, inú àpò yẹn ni yóò sì ti máa dàgbà fún ọ̀pọ̀ oṣù. Bí iná bá pa ìyá, ọmọ kò ní ilé mọ́. Ni ẹgbẹ́ kan tí ń jẹ́ Animal Rescue Craft Guild bá ké sí àwọn tí ń hun àti àwọn tí ń ránṣọ pé kí wọ́n bá wọn ṣe àpò. Kò pẹ́ tí ẹrù bẹ̀rẹ̀ sí í dé láti òkè òkun lóríṣiríṣi, títí ẹgbẹ́ náà fi bẹ̀bẹ̀ pé kí àwọn ènìyàn dáwọ́ dúró ná. Wọ́n sì tún ṣàlàyé pé àpò tí yóò kan ara ọmọ ẹranko náà gan-an gbọ́dọ̀ jẹ́ aṣọ òwú tí a rán, kí àpò híhun wà lóde, nítorí èékánná rẹ̀ lè há sínú ojú òwú.

Apá tí mo fẹ́ràn jù nìyẹn. Ó rọrùn láti fún ènìyàn ní ohun tí ó wà lọ́wọ́ wa. Ó ṣòro díẹ̀ láti kọ́kọ́ bèèrè ohun tí ara rẹ̀ gbà. Àwọn tí a sọ fún pé kí wọ́n yí àpò náà padà tí wọ́n sì yí i, àti àwọn tí a ní kí wọ́n dáwọ́ dúró tí wọ́n sì dáwọ́ dúró láìbínú, àwọn gan-an ni mo ń kan sáárá sí.

Pẹ́ńgúìnì kò sí nílé wa, kàngárù kò sì lè rìn débí. Ṣùgbọ́n àwa náà ní ẹranko tí í wọlé tọni láìpè, àṣà wa sì ní ohun tí ó sọ nípa irú àlejò bẹ́ẹ̀. Bí ewúrẹ́ tàbí àgùntàn àjèjì bá bá tiwa wọlé, a kì í dákẹ́. A óò kéde, kí olówó rẹ̀ lè wá mú un. Bí ẹyẹlé bá fúnra rẹ̀ yà sí òrùlé ẹni, àwọn àgbà a máa kà á sí àmì ire, wọn a sì da àgbàdo sílẹ̀ fún un. Ní ti ajá, bí a bá wá olówó rẹ̀ tì, ó di ọmọ ilé nìyẹn, a óò sì sọ ọ́ lórúkọ. Orúkọ ajá láàárín Yorùbá kì í ṣe ọ̀rọ̀ ṣeréṣeré. Òwe ni ọ̀pọ̀ nínú wọn, tí onílé fi ń bá ẹni tí kò fẹ́ dárúkọ wí. Ẹni tí ó bá dúró sí ojúde rẹ̀ nírọ̀lẹ́, tí ó ń pe "Tanímọ̀la! Tanímọ̀la!", kì í ṣe ajá nìkan ni ó ń bá sọ̀rọ̀, aládùúgbò tí ń fi í ṣẹ̀sín náà gbọ́.

Ológbò ni ọ̀rọ̀ wa kò dúró sójú kan lórí rẹ̀. Àwọn kan ń pè é ní ológìnní, àwọn mìíràn ń pè é ní músù, òwe tí ó gbé e níyì sì wà lẹ́nu tọmọdé tàgbà: àìsí ńlé ológbò, ilé dilé èkúté. Àgbẹ̀ tí ó kó àgbàdo sínú àká mọ ìtumọ̀ òwe yẹn ju èmi lọ. Síbẹ̀, bí ọmọ ológbò bá ké lẹ́yìn fèrèsé lóru, ọ̀pọ̀ nínú wa ni yóò bẹ̀rẹ̀ sí í gbàdúrà. Ìdí tí wọ́n ń sọ ni pé ojú rẹ̀ ń tàn nínú òkùnkùn, pé igbe rẹ̀ jọ ti ìkókó, pé ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í dún. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ojú rẹ̀ ń tàn nítorí pé awọ kan wà nínú ẹyinjú rẹ̀, ní apá ẹ̀yìn, tí í dá ìmọ́lẹ̀ padà bíi dígí, kí ó lè fi ìmọ́lẹ̀ kékeré ríran. Ojú ewúrẹ́ pàápàá ń ṣe bẹ́ẹ̀, a kò sì pe ewúrẹ́ ní àjẹ́. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í dún nítorí pé ọdẹ ni. Ó sì ti pẹ́ tí òun àti ènìyàn ti ń gbé pọ̀: ní erékùṣù Kípírù, àwọn awalẹ̀pìtàn rí ibojì kan tí ọjọ́ orí rẹ̀ tó nǹkan bí ọdún 9,500, níbi tí a sin ènìyàn kan sí tí a sì sin ológbò sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìròyìn rẹ̀ jáde ní ọdún 2004. N kò fi èyí bú ẹnikẹ́ni tí ń bẹ̀rù. Ìbẹ̀rù tí a jogún láti kékeré kì í gbọ́ àlàyé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ìyá kan wà ní àdúgbò wa ní Ìbàdàn tí tọmọdé tàgbà ń pè ní Màmá Tíṣà. Wọ́n ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, ọkọ wọn ti di olóògbé, ọmọbìnrin wọn kan ṣoṣo ni ó sì ń gbé nítòsí. Ó ṣọ̀wọ́n kí a bí ọmọ ní òpópónà yẹn kí ó má dé fìlà wọn. Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, ní òru ọjọ́ kan nínú oṣù kẹfà, òjò rọ̀ bí ẹni pé ọ̀run ya. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Màmá na ọwọ́ sínú apẹ̀rẹ̀ òwú wọn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ọwọ́ wọn sì kan ohun rírọ̀ kan tí ó ń gbọ̀n. Ọmọ ológbò ni, tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, tí ojú rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ là. Bí ó ṣe dé ibẹ̀, kò sí ẹni tí ó mọ̀. Bóyá ìyá rẹ̀ ni ó gbé e sá wọlé fún òjò. Màmá fi í sílẹ̀ títí di ọ̀sán kí ìyá rẹ̀ lè padà wá gbé e, wọ́n sì bèèrè láti ojúlé dé ojúlé; kò sí olówó, kò sí ìyá. Ni wọ́n bá gbé e wọlé.

Ọmọbìnrin wọn kò fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká gbé e jù sí ẹ̀yìn ọjà. Àwọn èèyàn á ní ẹ ti bẹ̀rẹ̀."

Màmá ní, "Kí ni mo bẹ̀rẹ̀?"

Ọmọbìnrin náà kò lè fèsì, nítorí pé ọ̀rọ̀ tí ó wà lẹ́nu rẹ̀ kò ṣeé sọ sí ìyá ẹni. Nígbà tí ó di ọjọ́ kẹta, Màmá sọ ológbò lórúkọ. Talópèọ́ ni wọ́n pè é. Láti ìgbà náà ni a ti ń gbọ́ ohùn wọn nírọ̀lẹ́ láti ẹ̀yìnkùlé: "Talópèọ́! Talópèọ́!", ẹni tí ó bá sì ń kọjá tí ó fẹ́ yọjú wo ilé wọn láti rí ẹran àjẹ́ yóò tètè máa bá tirẹ̀ lọ.

Ọ̀rọ̀ náà kò pẹ́ kí ó tó di tòótọ́. Ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, wọ́n sọ ọmọ lórúkọ ní ilé kan ní ìsàlẹ̀ òpópónà. Ara Màmá kò yá lọ́jọ́ náà, wọ́n fi fìlà àti ìbọ̀sẹ̀ rán ọmọbìnrin wọn. Ní ọjọ́ kejì, ọmọdé kan gbé ẹrù náà padà nínú ọ̀rá dúdú, ó ní ìyá ọkọ ìyàwó ní kí òun sọ pé ẹ ṣeun, ọmọ ti ní fìlà púpọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ mọ àṣà wa mọ bí èyí ti wúwo tó. A lè gba ẹ̀bùn kí a má lò ó. A lè gbà á kí a fún ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n kí a dá a padà fún ẹni tí ó mú un wá, a ti sọ ọ̀rọ̀ tí ẹnu kò sọ. Èmi kò dá ìyá àgbà náà lẹ́bi pé ó bẹ̀rù. Ẹni tí ó ń ṣọ́ ìkókó ọjọ́ mẹ́jọ a máa bẹ̀rù afẹ́fẹ́ pàápàá. Ohun tí mo fi í ṣe àlébù ni pé kò wá fúnra rẹ̀, kò sì bèèrè. Bí ó bá bèèrè ni, ìbá mọ̀ pé fìlà náà ti wà ní híhun ní oṣù kan kí ológbò tó wọ òpópónà wa.

Mo lọ kí Màmá ní ọjọ́ kejì ìgbà náà, mo bá wọn níbi tí wọ́n jókòó sí, fìlà wà lórí itan wọn. N kò mọ ohun tí ó yẹ kí n sọ. Wọ́n wọ awò ojú wọn, wọ́n wá ìdí òwú náà rí ní góńgó orí fìlà, wọ́n tú kókó rẹ̀, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í fà á. Ìlà kan tẹ̀lé òmíràn, fìlà ń kéré sí i, òwú ń wé mọ́ ọwọ́ wọn, títí kò fi ku nǹkan kan. Mo ní, "Màmá, ẹ pẹ̀lẹ́." Wọ́n ní, "Òwú náà ṣì dára, Dókítà." Ìrọ̀lẹ́ mẹ́ta ni wọ́n fi hun ún padà, pẹ̀lú òwú àwọ̀ mìíràn tí ó ṣẹ́kù nínú apẹ̀rẹ̀, ó sì di ìbora tí Talópèọ́ ń sùn lé.

Àwọn obìnrin mẹ́rin kan wà tí wọ́n jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ Màmá nígbà kan rí, tí ó sì ti di àṣà wọn láti máa wá jókòó hun pẹ̀lú wọn ní ọ̀sán Sátidé. Kò sí ẹni tí ó mọ bí wọ́n ṣe gbọ́. Ní Sátidé tí ó tẹ̀lé e, kò sí ẹni tí ó dárúkọ fìlà. Ọ̀kan gbé òwú funfun wá, ó ní òun rà á ju bí òun ti fẹ́ lò ó lọ. Èkejì kó ẹja gbígbẹ tí ó ti gún wá fún ológbò. Ẹ̀kẹta, tí ó ní mọ́tò, ní òun ń lọ sí ìhà ilé-ìwòsàn àwọn ẹranko, pé kí Màmá gbé ọmọ náà wá kí àwọn jọ lọ. Òun ni ó sì san owó rẹ̀. Ẹ̀kẹrin kò mú nǹkan kan wá. Ẹ̀rù ológbò ń bà á. Ṣùgbọ́n ó wá, ó jókòó sí ibi tí ó jìnnà díẹ̀, ó sì hun títí ilẹ̀ fi ṣú. Tèmi ni pé ẹ̀bùn tirẹ̀ kò kéré sí tàwọn mẹ́ta ìyókù.

Dókítà ẹranko sọ ohun tí ó yẹ kí gbogbo ẹni tí irú àlejò yìí bá yà sọ́dọ̀ rẹ̀ mọ̀. Ọmọ ológbò tí kò tíì pé oṣù kan kò lè mú ara rẹ̀ gbóná. Òtútù a máa tètè pa á ju ebi lọ, nítorí náà kí a kọ́kọ́ mú un móoru kí a tó fún un lóúnjẹ. Ìgò omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ tí a fi aṣọ wé dára fún un. Wàrà màlúù kò bá a lára mu, ìgbẹ́ gbuuru ni yóò fi ṣe. Bí ó bá tó nǹkan bí oṣù mẹ́ta, kí a gún un ní abẹ́rẹ́ àjẹsára dìgbòlugi, nítorí àrùn yẹn kò mọ sí ọ̀dọ̀ ajá. Aboyún kò gbọdọ̀ máa kó ìgbẹ́ ológbò. Bí a bá fẹ́ bẹ̀rù nítorí ọmọ inú, ìbẹ̀rù tí ó ní ẹsẹ̀ ńlẹ̀ nìyẹn.

Ṣùgbọ́n ohun tí dókítà náà tẹnu mọ́ jù lọ ni ó ya Màmá lẹ́nu. Gbogbo wa ni a ti rí àwòrán ológbò tí ń fi òwú gbá bọ́ọ̀lù, a sì rò pé eré dáadáa ni. Dókítà ní ikú ni. Ahọ́n ológbò ní ẹ̀gún kéékèèké tí ó kọjú sí ọ̀nà ọ̀fun. Bí òwú bá ti kọ́ mọ́ ọn, kò rọrùn fún un láti tu ú mọ́, gbígbé mì ni yóò máa gbé e mì. Bí ìdí kan òwú náà bá wá há síbìkan, ìfun yóò máa ká jọ lórí rẹ̀ bí aṣọ lórí okùn ṣòkòtò, òwú náà yóò sì máa rẹ́ ìfun láti inú. Bí a bá rí òwú tí ó yọ lẹ́nu ológbò tàbí nídìí rẹ̀, a kò gbọdọ̀ fà á. Kí a gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà kíákíá. Láti ọjọ́ náà ni apẹ̀rẹ̀ òwú ti kúrò ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ Màmá Tíṣà. Inú garawa ọ̀dà tí ó ní ìdérí ni òwú wọn wà báyìí, wọ́n sì ti ran ìdí òwú gbogbo etí ìbora Talópèọ́ mọ́lẹ̀ dáadáa.

Ológbò náà ti dàgbà. Èkúté ti dín kù ní ilé mẹ́ta mẹ́rin tí ó yí wọn ká, èyí tí àwọn onílé wọ̀nyẹn ń jẹ́wọ́ ní ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Ní ti ilé tí ó dá fìlà padà, wọn kò tíì yà sọ́dọ̀ Màmá títí di òní, ìkíni ojú ọ̀nà nìkan ni ó kù láàárín wọn. Ọmọ náà ti ń sáré kiri òpópónà. Nígbà tí oyé mú kẹ́yìn, mo rí aṣọ òtútù kékeré kan lórí abẹ́rẹ́ Màmá, aláwọ̀ búlúù, tí ó tó ọmọ tí ó ti ń rìn dáadáa. Mo bi wọ́n pé ta ni wọ́n ń hun ún fún. Wọ́n ní àwọn kàn ń fi ọwọ́ ṣeré ni.